Owú Baba Wa: Dídá Irin Àgbẹ̀dẹ Ìdílé Mọ̀ àti Títọ́jú Rẹ̀

A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà Ògún tí ó la ọ̀nà tí gbogbo wa ń tọ̀. A júbà ẹ̀yin àgbà awo tí ẹ jókòó, ẹ̀yin ìyánífá, ẹ̀yin ọmọ awo, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá bá wa ṣe ọdún. Kí ìbà wa ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ irin kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Irin náà wà ní ìdí ògiri nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa. Àwọn ọmọdé ń jókòó lé e, àwọn obìnrin fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ó ti wá. Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò bi wá pé, kí ni ó kan babaláwo nínú irin alágbẹ̀dẹ? Ẹ wo ọ̀pá ọ̀sùn tí ó dúró lójúbọ yìí. Ta ni ó rọ ọ́? Nígbà tí a wà lọ́mọ awo, àwa ni ọ̀gá wa máa ń rán sí àgbẹ̀dẹ bí awo kan bá fẹ́ gba ọ̀sùn. A ó fẹ ẹwìrì fún alágbẹ̀dẹ láti òwúrọ̀, a ó sì máa wò ó bí ó ti ń yọ ẹyẹ jáde lára irin. Ojú owú ni a ti bí ọ̀sùn wa. Ẹni tí ó bá ń bọ ọmọ, kò yẹ kí ó gbàgbé ibi tí wọ́n bí i sí.

Owú àti ọmọ owú

Ohun méjì ni a máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú àgbẹ̀dẹ. Èkíní ni owú, irin tàbí òkúta tí a gbé kalẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ ń gbé irin gbígbóná lé. Èkejì ni ọmọ owú, èyí tí ọwọ́ ń gbé sókè, tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lu irin. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ bí ó ti rí: ìyá jókòó, ọmọ ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibòmíràn, ọmọ owú ni wọ́n ń pe méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wádìí irin ilé rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí orúkọ nìkan darí òun.

Ọmọ owú àtijọ́ kò ní èèkù igi. Irin gbọọrọ ni, ó nípọn ní ìsàlẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní òkè níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Owú ní tirẹ̀ kò ní ìrísí kan ṣoṣo. Òkúta líle tí a rì mọ́lẹ̀ ni òmíràn. Òmíràn jẹ́ irin tí orí rẹ̀ tẹ́, tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí a kàn mọ́ kùkùté igi. Ìdí ṣóńṣó yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé èèkàn ni, tàbí pé irin tí ó ṣẹ́ ni.

Ìtàn irin nílẹ̀ wa

Kí irin òkèèrè tó dé, ilẹ̀ wa ni a ti ń wa irin. Àwọn baba wa a máa wa òkúta tí irin wà nínú rẹ̀, wọn a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọn a kó o sínú ìléru amọ̀ pẹ̀lú èédú. Iná a jó títí, ìdọ̀tí inú òkúta a yọ́, a ṣàn jáde. Ìdọ̀tí náà ni a ń pè ní ìdàrọ́. Ohun tí ó bá kù nínú ìléru ni ìṣù irin tí ó rí ṣákaṣàka, tí ihò wà lára rẹ̀ bí afárá oyin. Alágbẹ̀dẹ a tún gbé e sínú iná, a gbé e lé owú, a máa lù ú títí ìdàrọ́ tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀ yóò fi jáde. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀: òwe yìí kì í ṣe àfiwé lásán, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ó bí i.

Iṣẹ́ yìí kò tíì pẹ́ tó bí àwọn ọ̀dọ́ ti rò tí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ilé ìyọ́rin kan tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ní abúlé kan lágbègbè Ọ̀yọ́, tí àwọn ènìyàn ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé iṣẹ́ irin ni ó fún Ìlọrin ní orúkọ rẹ̀, ìlọ irin. Àwọn ará Ìlọrin náà ní òkúta kan nínú agboolé kan ní ìlú wọn, èyí tí ìtàn wọn sọ pé òun ni wọ́n fi ń lọ irin láyé àtijọ́. Ẹ wò ó, òkúta kan ṣoṣo tí ìdílé kan kò gbé sọnù ni ó ń jẹ́rìí sí orúkọ odidi ìlú.

Kí ni ó pa ìléru? Ọjà ni. Láti ayé òwò ojú omi ni ọ̀pá irin ti ń ti ilẹ̀ òyìnbó wọlé. Nígbà tí ó di pé irin rírà rọrùn ju irin yíyọ́ lọ, àwọn ayọ́rin fi ìléru sílẹ̀. Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà ni ègé ojú irin ti di owú ní ọ̀pọ̀ àgbẹ̀dẹ, nítorí ó le, orí rẹ̀ sì tẹ́. Mọ́tò dé, sípíríǹgì rẹ̀ di àdá àti ọ̀bẹ. Ìléru kú, ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ kò kú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí owú ilé yín bá jẹ́ irin tí àwọn baba wa yọ́ láti inú ilẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí yóò tún yọ irú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ògún Ládìn ní Ilé-Ifẹ̀

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù lọ wà ní ààfin Ọọ̀ni. Ojúbọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Ní ojúbọ náà ni irin ńlá kan wà, ó nípọn ní ìsàlẹ̀, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè bí ẹ̀kán omi. Frank Willett, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, tí ìwé rẹ̀ lórí Ifẹ̀ jáde ní 1967, kọ nípa rẹ̀. Irin lílù ni.

Ẹni tí ó bá ti fẹ ẹwìrì rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìṣù irin tí ó ń jáde nínú ìléru kékeré kò tó èyí. Kí irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ènìyàn púpọ̀ ní láti parapọ̀: awalẹ̀, asunèédú, afẹwìrì, àti àwọn tí ń lù ú ní gbígbóná. Irin náà jẹ́ ẹ̀rí pé ìlú kan wà tí ó létò, tí ó ní ọba tí ó lè pe gbogbo wọn jọ. Àwọn ère idẹ Ifẹ̀ ni ayé ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ irú ọwọ́ tí ó ro oko tí ó bọ́ àwọn tí ń rọ idẹ, ọ̀dọ̀ Ládìn ni kí a lọ.

Kí ni ó pa irin Ládìn mọ́ títí di òní? Kì í ṣe ilé ìṣúra ti ìjọba. Ojúbọ ni. Wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n fún un ní àyè, wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ohun mẹ́ta náà ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: orúkọ, àyè, olùtọ́jú.

Bí a ṣe lè dá owú mọ̀

Ẹ kọ́kọ́ bi ènìyàn kí ẹ tó bi irin. Ta ni ó gbé e wá? Àgbẹ̀dẹ ta ni ó wà? Ta ni ó lò ó kẹ́yìn? Ẹ fi etí sí oríkì ilé. Bí Ògún bá pọ̀ nínú orúkọ àwọn baba ńlá yín, bí oríkì yín bá ń dárúkọ ẹwìrì, ẹmú tàbí èédú, ó ṣeé ṣe kí irin ìdí ògiri yẹn má jẹ́ irin lásán. Ẹ wo ilẹ̀ ibi tí ó wà pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá dúdú, tí ẹ sì rí èédú wẹ́wẹ́ àti èérún irin nínú rẹ̀, àgbẹ̀dẹ ti wà níbẹ̀ rí. Kí ẹnikẹ́ni má hú irin náà kí ó tó ya àwòrán bí ó ti jókòó, nítorí àyè tí irin wà jẹ́ apá kan nínú ìtàn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo irin náà fúnra rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Irin tí a lù, tí a kò rọ sínú ẹ̀dà, a máa ní ojú ọmọ owú lára: àwọn ibi pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n gun ara wọn. Bí ìpẹtà bá ti jẹ irin tí àwọn baba wa yọ́, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ a máa hàn lára rẹ̀ bí ìlà inú pákó, nítorí ìdàrọ́ tí ó kù nínú rẹ̀ ti nà gbọọrọ lábẹ́ ọmọ owú. Irin tí a yọ́ dà sínú ẹ̀dà kì í ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì ṣẹ́, ojú ibi tí ó ṣẹ́ a máa rí bí iyanrìn.

Ojú irin ti rélùwéè rọrùn láti mọ̀. Orí rẹ̀ nípọn, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ. Owú ilẹ̀ òyìnbó náà kò ṣòro. Ó ní ìwo kan tí ó yọ síwájú, ihò onígun mẹ́rin àti ihò róbótó sì máa ń wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè rí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é àti nọ́ńbà mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀n ni nọ́ńbà wọ̀nyí. Èkíní dúró fún ìlọ́po 112 pọ́n-ùn, èkejì fún ìlọ́po 28, ẹ̀kẹta fún pọ́n-ùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 1, 2 àti 10, ẹ kà á báyìí: 112, 56 àti 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 178 pọ́n-ùn, èyí tí ó lé díẹ̀ ní 80 kílò.

Ẹ fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́ lórí. Irin tí ó péye a máa dún gbangba, a sì máa ti òòlù padà sókè. Èyí tí ó ti là nínú a máa dún bòòbò bí ìkòkò tí ó fọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ ìlọrin tí ń ta iná kàn án láti dán an wò. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá lọ dànù kò tún ṣeé mú padà.

Irin méjì nínú ilé kan

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọmọ ìyá méjì kan wá bá wa. A kò ní dárúkọ ìlú wọn. Baba wọn ti wàjà, irin méjì ni ó sì fi sílẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ tí ó ti wó. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ta ọ̀kan fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe. Àbúrò kọ̀ jálẹ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ tà ni èyí tí ó ń ti ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́. Èkejì wà ní ojúbọ Ògún, epo sì ti bò ó dúdú.

A lọ síbẹ̀, a sì fi aṣọ nu àwọn irin méjèèjì. Èyí tí ó wà ní ojúbọ jẹ́ ègé ojú irin rélùwéè. Èyí tí ó wà ní ilé ewúrẹ́ ni ó ní ìdí ṣóńṣó, ojú ọmọ owú, àti ìlà bí ti pákó. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ta irin tí ó dàgbà jù nínú ilé náà ní ìwọ̀n kílò.

Bí ó ti hàn bẹ́ẹ̀, àbúrò yíjú sí ti ojúbọ, ó ní, ṣé kí àwọn wá ta ìyẹn ni, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ti àtijọ́? A ní rárá. Lórí ègé irin yẹn ni baba yín ti rọ ọkọ́ tí ó fi rán yín níṣẹ́ ìwé. Lórí rẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń búra láti ìgbà tí ẹ kò tíì dáyé. Irin kì í di ti Ògún nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan. Ìtàn ìdílé yín wà lára méjèèjì: ọ̀kan sọ bí àwọn baba ńlá yín ṣe ń yọ irin, èkejì sọ bí wọn kò ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ parẹ́ nígbà tí ayé yí padà. A dá Ifá, ohun tí Ifá sì sọ wà láàárín àwa àti wọn. Àwọn irin méjèèjì wà ní ojúbọ lónìí. Òrùlé náà, àwọn ọmọ ilé dáwó jọ, wọ́n tún un ṣe.

Ìtọ́jú

Ọ̀tá irin mẹ́ta ni omi, iyọ̀ àti ohun kíkan. Ẹ má gbé owú sí ilẹ̀ tútù tàbí sórí símẹ́ńtì lásán, nítorí símẹ́ńtì a máa fa omi sókè. Ẹ gbé e lé igi líle tí ó gbẹ, kí ẹ sì máa yẹ abẹ́ igi náà wò fún ikán. Àwọn tí ń gbé létí òkun, ní Èkó tàbí Àgbádárìgì, ní láti ṣọ́ra jù, nítorí afẹ́fẹ́ òkun gbé iyọ̀ wá.

Ìpẹtà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó dúdú, tí ó mọ́ra, tí kì í ṣí bí ẹ bá fi ọwọ́ rá a, aṣọ irin ni. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí ó pupa, tí ó ń ya bí èèpo, tí ó ń bá ọwọ́ lọ, ni ó ń jẹ irin. Ẹ fi kànìnkànìn gbígbẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n kúrò, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òróró màṣíìnì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì nu èyí tí ó bá pọ̀jù kúrò. Ẹ má fi yanrìn ha á. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà, nítorí omi a máa sá sábẹ́ ọ̀dà ṣiṣẹ́ ibi níbi tí ojú kò rí i. Ẹ má sì tì í bọ iná láti fi jó ìpẹtà dànù, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ irin líle. Iná yóò sọ líle náà di rírọ̀.

Owú tí ó wà ní ojúbọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwa oníṣẹ̀ṣe ni ó sì yẹ kí a sọ ọ́ fúnra wa kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Ẹmu tí ó bá sùn a máa kan. Bí a bá bọ Ògún tán, tí a jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dúró lórí irin títí di ọdún tí ń bọ̀, irin ni yóò san án. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dín ohun tí Ògún ń gbà. Ohun tí a sọ ni pé, nígbà tí ọjọ́ ìrúbọ bá pé bí àṣà ilé yín ti là á sílẹ̀, kí olùtọ́jú fi aṣọ gbígbẹ nu orí irin náà, kí ó sì fi epo pupa fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a máa da ẹmu sí ìdí irin, sórí ilẹ̀. Irin tí a tọ́jú ni yóò gba ẹbọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wọn gíga rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gba ohùn àgbà ilé sílẹ̀ lórí fóònù nígbà tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé méjì.

Ta ni ó ni ín?

Owú kì í ṣe ti àkọ́bí, kì í ṣe ti ẹni tí ó ń gbé inú ilé. Ti ìdílé ni. Kò sí ẹnìkan tí ó lè dá tà á. Òfin ìjọba náà sì ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òfin Àjọ Ilé Ìṣúra Ohun Àtijọ́ ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1979, ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí a ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun àtijọ́. Ó tún ka ohun tí ó ní iyì ìtàn mọ́ ọn, bí a bá ti lò ó nínú ètò ìbílẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú rẹ̀ jáde kúrò nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ rántí èyí nígbà tí àlejò bá dé pẹ̀lú owó tí ó pọ̀ ju ti aláàlòkù irin lọ.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò rí owú gbé dání. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Ògún ń kó irinṣẹ́ sínú ìkòkò irin rẹ̀, owú kékeré sì wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rọ kékeré láti fi rántí. Àwa tí ńlá wà nílé wa, ẹ má jẹ́ kí a tà á ní kílò.

Nítorí náà, kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù padà sílé rẹ̀, kí ó wo ìdí ògiri, kí ó wo ilé ewúrẹ́, kí ó bi àgbà léèrè. Ẹni tí ó bá rí irin tí kò yé e, kí ó mú àwòrán rẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ wa. A ó pe alágbẹ̀dẹ àgbà, a ó jọ wò ó.

Ògún kò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Ọ̀nà wa kò ní dí. Ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ kò ní bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rúnmìlà á gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.